Ilé Ta ni Wọ́n Wò kí Wọ́n Tó Sọ Afárá Èkó ní Carter?

Àwọn àgbà wa ní, ilé ni à ń wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ẹgbẹ́ wa, ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi bi yín ní ìbéèrè kan. Afárá kan wà ní Èkó tí ó ti Ìddó sọdá ọ̀sà lọ sí Ìdúmọ̀tà. Kò sí ọmọ Èkó tí kò mọ̀ ọ́n. Ará òkè tí ó bá wọ Èkó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pàápàá yóò ti gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu àwọn ọlọ́kọ̀ èrò. Carter ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ti kọ́ afárá náà: wọ́n kọ́kọ́ ṣí i ní ọdún 1901, wọ́n tún un kọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, wọ́n sì wó ìyẹn náà, wọ́n kọ́ èyí tí ó wà níbẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1970. Ohun gbogbo ni wọ́n ti pààrọ̀ lára rẹ̀, àfi orúkọ. Ní ọdún 2025 ni ìjọba àpapọ̀ wá kéde pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti bàjẹ́ lábẹ́ omi, pé àtúnṣe kò ràn án mọ́, wíwó ni ó yẹ kí á wó o kí á sì kọ́ òmíràn. Bí a bá wá kọ́ ẹ̀kẹrin, ṣé Carter náà ni a ó tún máa pè é?

Èmi wí pé rárá. N kò sì wí i láti fi ṣe ẹwà.

Mo ti mọ ohun tí àwọn kan yóò fi dá mi lóhùn, nítorí wọ́n ti ń wí i. Wọ́n ní Carter ni ó kọ́ afárá. Wọ́n ní Carter ni ó parí ogun ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ní orúkọ lásán ni, ó ti mọ́ gbogbo ènìyàn lẹ́nu, kí á jẹ́ kí òkú sùn. Àwọn tí ń wí báyìí kì í ṣe òpè. Ọ̀rẹ́ mi ni àwọn mìíràn nínú wọn, a sì jọ ń jókòó nínú iyàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ kan náà. Ṣùgbọ́n a kì í torí ọ̀rẹ́ pe funfun ní dúdú.

Ẹ jẹ́ kí á ti ibi tí kò le bẹ̀rẹ̀. Gilbert Thomas Carter di gómìnà Èkó ní 1891, ó sì fi Èkó sílẹ̀ ní 1897. McCallum ni ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀, MacGregor ni ó sì gba ipò lọ́wọ́ McCallum. Lójú MacGregor ni wọ́n ṣí afárá ní 1901. Ní ọdún tí à ń wí yìí, Carter ti di gómìnà ní Bahamas, ní ìhà kejì òkun ńlá. Ẹ̀yin tí ẹ ní òun ni ó kọ́ ọ, ṣé láti Bahamas ni ó ti ń na ọwọ́ kan òpó ni?

Ojú irin ni ó bí afárá yìí, kì í ṣe àánú gómìnà kankan. Ní 1896 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ ojú irin láti Èkó lọ sí òkè. Nígbà tí ọdún 1900 fi máa parí ó ti dé Ìbàdàn, ní 1901 sì ni wọ́n ṣí i fún èrò àti ẹrù. Ìddó ni ọkọ̀ náà ń dé sí ní ìhà Èkó. Bẹ́ẹ̀ Ìddó jẹ́ erékùṣù, ìlú Èkó fúnra rẹ̀ jẹ́ erékùṣù, ọ̀sà tí odò Ògùn ń ṣàn wọ̀ sì wà láàrin wọn. Kí ni àǹfààní ọkọ̀ ojú irin tí ó kó èkùrọ́ àti epo pupa láti ọ̀nà jínjìn wá, tí ó wá já wọn sí etí omi, tí ẹrù yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ tún máa wọ ọkọ̀ àjẹ̀ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníṣòwò Marina? Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi afárá kan so Ìddó mọ́ Èbúté Mẹ́ta, tí wọ́n sọ ọ́ ní Denton, tí wọ́n sì fi èkejì so Ìddó mọ́ ìlú Èkó, tí wọ́n sọ ọ́ ní Carter. Ní 1902 ọkọ̀ ojú irin kékeré kan bẹ̀rẹ̀ sí í gba orí Carter kọjá láti Ìddó wọ inú ìlú. Títí di àwọn ọdún 1960, nígbà tí wọ́n kọ́ Afárá Èkó, kò sí afárá mìíràn tí ó ti òkè ilẹ̀ wọ erékùṣù náà. Ẹ rò ó wò: fún ohun tí ó lé ní 60 ọdún, gbogbo ẹni tí ó fi ẹsẹ̀ tàbí mọ́tò wọ Èkó, akọ̀wé, aláàárù, ìyàwó tuntun, ọmọ ilé ìwé, òkú tí wọ́n ń gbé lọ sin nílé, orúkọ ọkùnrin kan ni gbogbo wọn tẹ̀ kọjá. Àwọn tí ó ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́? Àwọn tí ó fi èjìká ru irin ńkọ́? Àwọn ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ tí afárá gba iṣẹ́ wọn ńkọ́? Kò sí èyí tí a fi orúkọ rẹ̀ pe òpó kan ṣoṣo níbẹ̀.

Ẹ tún bi mí pé owó ta ni. Ìjọba Èkó ìgbà náà kò ní oko, kò sì ní wúrà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó tí ó ń ná, owó ibodè ni, èyí tí ó ń gbà lórí ọjà tí ó ń ti òkun wọlé, pàápàá lórí ọtí Òyìnbó. Ẹni tí ó ra ọjà ni ó san án. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ owó ibodè yìí sí ọkàn, nítorí òun ni ó gbé mi dé ọ̀dọ̀ àwọn Ìjẹ̀bú, níbi tí ọ̀rọ̀ gan-an wà.

Gbogbo wa ni a mọ ibi tí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà, láàrin Èkó àti Ìbàdàn. Ní ìgbà tí mo ń wí yìí, àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ni ọ̀nà náà. Ará Èkó kì í kàn rìn kọjá lọ sí òkè, ará òkè kì í kàn rìn kọjá dé etí òkun; ọjà àwọn Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ń pàdé, oníbodè Ìjẹ̀bú sì ń gba owó tirẹ̀ lẹ́nu ibodè. Ohun tí ìlú fi ń jẹun nìyẹn. Ní 1891, Denton, ẹni tí ó ń ṣe adelé gómìnà, gbéra lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde láti sọ fún Àwùjalẹ̀ pé kí ó ṣí ọ̀nà. Ó kó ẹ̀bùn lọ́wọ́. Àwùjalẹ̀ kò gba ẹ̀bùn náà. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: ẹni tí ó bá gba ẹ̀bùn àlejò ti gba ọ̀rọ̀ àlejò nìyẹn, Àwùjalẹ̀ kò sì fẹ́ gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ṣe ohun tí olórí ilé gbọ́dọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n ní Èkó wọ́n ní ìwọ̀sí ni, wọ́n ní wọ́n ti tàbùkù Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Carter ni ó wá gbé ọ̀rọ̀ náà karí, ó ní dandan ni kí Ìjẹ̀bú wá tọrọ àforíjì.

Ní oṣù January 1892 àwọn ìránṣẹ́ Ìjẹ̀bú wá sí Èkó. Àdéhùn tí wọ́n bá wọn ṣe ni pé kí wọ́n ṣí ọ̀nà, kí wọ́n má gba owó ibodè mọ́, ìjọba Èkó yóò sì máa fún Àwùjalẹ̀ ní £500 lọ́dún dípò rẹ̀. Kò pẹ́ tí ariwo tún fi bẹ́, wọ́n ní Ìjẹ̀bú ti dá òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan padà lójú ọ̀nà. Ó tó fún Carter. Nígbà tí ó fi di oṣù May, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott ti kó ọmọ ogun gba orí omi lọ sí Ẹ̀pẹ́, Haúsá láti Èkó, Haúsá láti Gold Coast, àti àwọn ọmọ Ìbàdàn pẹ̀lú wọn. N kò ní fi ti Ìbàdàn pamọ́. Ọ̀rọ̀ ogun ilẹ̀ wa kò mọ́ tó bí a ti ń pa á ní ìtàn fún ọmọdé. Láti Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti jà dé Ìmàgbọ̀n ní etí odò Yemoji, níbi tí Ìjẹ̀bú ti dúró dè wọ́n. Odò ni Ìjẹ̀bú fi ṣe odi. Ìbọn arọ̀jò-ọta tí à ń pè ní Maxim ni ó gba odò náà lọ́wọ́ wọn. Ní 20 May 1892 àwọn ọmọ ogun wọ Ìjẹ̀bú-Òde.

Nísinsìnyí, àwa tí a ń kọ́ èdè, ẹ jẹ́ kí á wo ọ̀rọ̀ inú ìwé wọn. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, owó tí Ìjẹ̀bú ń gbà lẹ́nu ibodè ní orúkọ kan, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé ìwà ọlọ́ṣà ni. Owó tí gómìnà ń gbà lẹ́nu òkun ní orúkọ mìíràn, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ bí ẹni pé àṣẹ Ọlọ́run ni. Ẹ wá bi èdè wa. Oníbodè ni ẹni tí ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà Ìjẹ̀bú. Àwọn tí ń gba owó fún ìjọba ní èbúté òkun àti ní ààlà ilẹ̀ wa títí di òní, kí ni rédíò Yorùbá ń pè wọ́n? Aṣọ́bodè. Èdè wa kò rí ìyàtọ̀ kankan láàrin àwọn méjèèjì, mo sì rò pé ojú rẹ̀ ríran ju ti àwọn òpìtàn mìíràn lọ. Carter tí ó ń fi owó ibodè ṣe ìjọba ni ó gbé ogun lọ bá ẹlòmíràn nítorí owó ibodè.

Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ṣe sí ojú omi Èkó. Denton tí Àwùjalẹ̀ kọ ẹ̀bùn rẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe afárá tí ó wọ Ìddó. Carter tí ó gbẹ̀san rẹ̀, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe afárá tí ó jáde ní Ìddó. Ẹni tí ó bá ń ti òkè bọ̀, Denton ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀, lẹ́yìn náà Carter, bí ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀ gan-an ní 1891 àti 1892. Bí ẹni pé wọ́n fi igi àti irin kọ ìtàn ìṣẹ́gun Ìjẹ̀bú sójú omi, tí wọ́n sì ní kí Ìjẹ̀bú máa gba orí rẹ̀ lọ sọ́jà. Mélòó nínú àwọn Ìjẹ̀bú tí ń ta ọjà ní Ìdúmọ̀tà ni ó mọ̀? Mo ti bi díẹ̀ nínú wọn. Ẹ̀rín ni wọ́n rín. Ọ̀kan bi mí bóyá ilé ẹ̀kọ́ gíga ti tì ni mo fi ń ráyè rìn kiri.

Denton kò dá dúró sí Èkó o. Láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ti mú un lọ ṣe olórí ní Gambia, ibẹ̀ ni ó sì wà títí di 1911. Bí ẹ bá ń jáde ní Banjul lónìí, afárá kan wà lójú omi tí ẹ ó gbà kọjá. Denton ni orúkọ rẹ̀. Banjul gan-an, Bathurst ni wọ́n ń pè é nígbà kan. Ní 1973 ni wọ́n gba orúkọ ìlú náà padà. Wọ́n gba ìlú, wọ́n gbàgbé afárá.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó ní Carter ni ó parí ogun. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí à ń fi ọwọ́ gbá sẹ́yìn, nítorí òtítọ́ wà nínú rẹ̀. Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ní 1886 ni wọ́n tẹ ọwọ́ ìwé àlàáfíà, iṣẹ́ tí Samuel Johnson àti Charles Phillips fi ẹsẹ̀ rìn ṣe láàrin ibùdó kan àti èkejì. Síbẹ̀ àwọn ọmọ ogun kò tú ká pátápátá. Ní 1893 ni Carter fúnra rẹ̀ rin ilẹ̀ Yorùbá, dé Abẹ́òkúta, dé Ọ̀yọ́, dé Ìlọrin, dé Ìkìrun, ní oṣù March ọdún náà ni àwọn ibùdó sì tú. Johnson yìn ín gidigidi nínú ìwé ìtàn rẹ̀. Ọkùnrin tí ó ti ń wá àlàáfíà kiri fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó wá rí ọjọ́ tí ìbọn dákẹ́, n kò ní bá a jà nítorí pé ó yọ̀. Bí mo bá wà níbẹ̀ èmi náà yóò yọ̀.

Ṣùgbọ́n Johnson kú ní 1901, ọdún tí wọ́n ṣí afárá. Àwa ti rí ohun tí ó tẹ̀lé e. Ìrìn 1893 náà ni wọ́n fi gba ìwé àdéhùn lọ́wọ́ àwọn ọba àti ìlú wa, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, lẹ́yìn tí gbogbo wọn ti gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí Ìjẹ̀bú. Ní oṣù November 1895, nígbà tí Carter ṣì wà lórí oyè, Captain Bower, tí ìjọba Èkó fi jókòó sí Ìbàdàn, yin àgbá lu Ọ̀yọ́, ìlú Aláàfin Adéyẹmí Kìn-ín-ní. Ọ̀yọ́ kò wà lójú ogun pẹ̀lú ẹnikẹ́ni nígbà náà. Àríyànjiyàn lórí ìdájọ́ àti lórí ẹni tí ó yẹ kí ó wá kí ẹnì kejì ni. Bí iná bá mú ilé mi, tí aládùúgbò bá bá mi pa á, mo dúpẹ́. Bí ó bá wá ti ibẹ̀ wọ yàrá mi, tí ó jókòó lórí ibùsùn mi, tí ó ní kí n máa kúnlẹ̀ kí òun lówùúrọ̀, èwo ni kí n fi sọ ọmọ mi lórúkọ nínú méjèèjì?

Ohun kan wà tí ó máa ń mú mi rẹ́rìn-ín nínú ìtàn ọkùnrin yìí. Lẹ́yìn Bahamas, wọ́n gbé e lọ sí Barbados, ó ṣe gómìnà níbẹ̀ láti 1904 títí di 1911, ó sì padà wá fi ibẹ̀ ṣe ilé, ibẹ̀ náà ni ó kú sí ní 1927. Ìyàwó rẹ̀ ya àwòrán ilé ńlá kan fún wọn. Kí ni wọ́n sọ ilé náà? Ìlaró. Ilé náà wà títí di òní, Ilaro Court ni wọ́n ń pè é, olórí ìjọba Barbados ni ó ń gbé inú rẹ̀. Ẹ rí i pé ilé ni Carter náà wò kí ó tó sọ ọmọ lórúkọ. Ó kàn jẹ́ pé ilé wa ni ó wò. Òun fi orúkọ ìlú wa pe ilé rẹ̀, àwa ń fi orúkọ rẹ̀ pe afárá wa, ẹnì kan lè ní ọ̀rọ̀ ti dọ́gba. Kò dọ́gba. Òun ni ó yan tirẹ̀. Tiwa, ta ni ó bi wá? Àwọn ará Barbados náà kò sì bẹ̀rù láti pa orúkọ àti ère dà: ní November 2020 wọ́n gbé ère Nelson kúrò láàrin olú-ìlú wọn, Bridgetown, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ìlú afárá. Ṣùgbọ́n Ìlaró kò ṣe wọ́n ní ibi, wọ́n fi í sílẹ̀.

Ó kù sí àwọn tí ó ní orúkọ lásán ni, ẹnu ti mọ́ ọn. Àwọn wọ̀nyí ni ó yà mí lẹ́nu jù, nítorí pé Yorùbá ni wọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de ọjọ́ kẹjọ kí ẹ tó sọ ọmọ lórúkọ, tí bàbá àgbà ń mú orúkọ tirẹ̀ wá, tí ìyá ń mú tirẹ̀ wá, tí ẹ ń bínú fún ẹni tí ó bá pè é ṣì, ẹ̀yin náà ni ẹ wá ń sọ pé orúkọ lásán? Bí ẹnu ti ń mọ́ nǹkan, bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń gbàgbé rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ afárá náà gan-an ní Ìdúmọ̀tà, òpópó kan wà tí àwọn baba wa mọ̀ sí Victoria Street. Nnamdi Azikiwe ni à ń pè é báyìí, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ kò sì ṣìnà. Kingsway ti Ìkòyí di Alfred Rewane, mọ́tò ṣì ń gba ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́ afárá kejì, wọ́n sọ ọ́ ní Èkó, kò sì sí ẹni tí ó bèèrè pé kí ni ìdí rẹ̀. Bí ahọ́n wa bá gbé Carter, kí ni kò lè gbé? Àbí ẹ mọ ìtumọ̀ Carter lédè wọn? Ẹni tí ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin kó ẹrù ni. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ẹrù ni wọ́n ṣe sọ afárá bẹ́ẹ̀, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn, nítorí ẹrù tí ó ti gba orí rẹ̀ kọjá kò níye.

Ẹ sì ronú sí ibi tí afárá yìí wà. Ọ̀nà etí òkun tí ó ti Dakar wá, tí ó gba Accra, Lomé àti Kútọnu kọjá, Èkó ni ó parí sí. Ọ̀nà etí òkun tuntun tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní 2024, tí wọ́n fẹ́ kí ó dé Calabar, ohun tí ó tó kìlómítà 700, láti Èkó ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Láàrin òpin èyí àti ìbẹ̀rẹ̀ ìyẹn, omi ni ó wà. Afárá mẹ́ta ni ó ti òkè ilẹ̀ sọdá rẹ̀ lọ sí erékùṣù: ọ̀kan ní orúkọ gómìnà, ọ̀kan ní orúkọ ìlú, ẹ̀kẹta tí wọ́n parí ní 1990 kò tilẹ̀ ní orúkọ, òǹkà ni wọ́n fi ń pè é, bí ẹlẹ́wọ̀n. Àlejò tí ó bá rin gbogbo etí òkun wá yóò bi wá pé ta ni Carter. Ẹ̀yin tí ẹ ní orúkọ lásán ni, ẹ̀yin ni n ó ní kí ó lọ bá.

Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ẹ ṣì mí gbọ́. Ẹ̀rù kan ń bà mí ju Carter lọ. Bí wọ́n bá wó afárá yìí lónìí tí wọ́n kọ́ òmíràn, àwọn tí yóò sáré wá pẹ̀lú orúkọ pọ̀. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan yóò mú orúkọ olórí rẹ̀ wá, alátakò yóò mú ti olórí tirẹ̀, ẹni tí ó wà lórí oyè lọ́jọ́ náà ni yóò sì gé tẹ́ẹ́pù. A ti rí èyí ní pápá ọkọ̀ òfurufú, a ti rí i ní ilé ẹ̀kọ́ gíga. Bí ó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí, ẹ jẹ́ kí Carter máa jókòó síbẹ̀. Ó kéré tán òun ti kú, kò lè fi afárá gba ìbò.

Orúkọ tí èmi mú wá kì í ṣe ti ẹgbẹ́ kankan. Ìtàn àwọn Àwórì ni pé Ìddó ni Ọlọ́fin jókòó sí lẹ́yìn tí ó ti bá ipa odò Ògùn wá. Ó ní ọmọ kan tí ó máa ń lúwẹ̀ẹ́ láti Ìddó sọdá sí erékùṣù kejì, tí ó ń pẹja níbẹ̀, tí ó sì fi ibẹ̀ dá oko ata. Lórí oko ata náà ni Ìga Ìdúngànrán wà, ààfin ọba Èkó títí di òní. Arómirẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ yìí, ẹni tí ó bá omi ṣọ̀rẹ́. Oyè rẹ̀ ṣì wà láàrin àwọn Ìdẹ́jọ títí di ìsinsìnyí. Láti Ìddó sí ìlú Èkó! Omi yìí kan náà ni. Kí ojú irin tó wà, kí gómìnà kankan tó mọ̀ pé ibì kan ń jẹ́ Èkó, ẹni tí ìtàn kọ́kọ́ sọ pé ó sọdá níbẹ̀ nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn àṣà ju èmi lọ, ẹ sọ fún mi ilé mìíràn tí ó yẹ kí á wò.

Mo mọ̀ pé ẹjọ́ ilẹ̀ Èkó kò lópin, ìdílé mìíràn sì lè bínú pé kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ Arómirẹ́. Bí wọ́n bá bínú, ẹ pè é ní Ọlọ́fin tí ó jẹ́ baba gbogbo wọn. Bí ìyẹn náà bá fa ìjà, ẹ pè é ní Afárá Ìddó kí olúkúlùkù máa lọ sílé. N kò ní kọ èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

N kò sì ní kí wọ́n pa Carter rẹ́ kúrò nínú ìtàn. Kí wọ́n gbé òkúta kan kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ afárá tuntun ní ìhà Ìddó, kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí i lédè Yorùbá: pé lẹ́ẹ̀mẹta ni wọ́n kọ́ afárá síbẹ̀, pé wọ́n pe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní orúkọ gómìnà tí ó jagun Ìmàgbọ̀n ní 1892, tí ó sì wà ní òkè ilẹ̀ nígbà tí Kírìjì tú ní 1893. Kí wọ́n kọ nípa ojú irin àti àwọn ọlọ́kọ̀ àjẹ̀ sí i pẹ̀lú. Kí wọ́n sì fi àmì ohùn sí i dáadáa, nítorí bí ẹni tí ó ń kọ pátákó ojú títì Èkó bá kọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń kọ ọ́, kò sí ẹni tí yóò lè kà á. Ìwé ẹ̀bẹ̀ náà ni mo fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa kọ sí ilé iṣẹ́ tí ó ni afárá kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wó o, kí gbogbo wa sì fọwọ́ sí i. Ní ti ọ̀rọ̀ tí yóò wà lára òkúta, àwa ọmọ ẹgbẹ́ yìí lè bá wọn kọ ọ́ láàrin ọ̀sẹ̀ kan, a kò sì ní gba kọ́bọ̀.